Ihò Tí A Dá Lu Fẹ́ǹsì Yín

Bàbá mi, olówó orí Màámi,

Òjò ńlá àkọ́kọ́ lọ́dún yìí rọ̀ ní Ìsọlọ̀ lánàá, mi ò sì lè pa ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́ra. Ẹ fara balẹ̀ o, torí ọ̀rọ̀ náà kan fẹ́ǹsì yín.

Ṣé ẹ rántí ìjà iyanrìn tí ẹ máa ń bá Bàbá Ràṣídì jà, aládùúgbò wa? Bí ẹ bá da iyanrìn sí àgbàlá kí àgbàrá má baà wọlé, omi a yà sílé tiwọn. Àwọn náà a da tiwọn, omi a tún wá kí wa. Ìgbà tó yá, ẹ mọ fẹ́ǹsì gìrìwò, ìjà parí. Ẹ ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fọwọ́ gbá fẹ́ǹsì náà, ẹ ó ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Bàbá Ràṣídì náà ti tẹ̀ lé yín lọ sọ́run báyìí. Ìyàwó wọn ló wá ń dá gbọ́n omi. Tí òjò bá ti ṣú, wọ́n a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn fúnra wọn a sùn lórí àga.

Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wá pèpàdé àdúgbò. Wọ́n ní òjò ayé ìsinsìnyí ti yàtọ̀ sí tàtijọ́, kí a jọ gbèrò ibi tí omi máa gbà dé kánáàlì. Ọ̀nà tó tọ́ jù ni àgbàlá wa, fẹ́ǹsì yín ló sì dí i. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu kàn án. Gbogbo ojú ń wo Màámi, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ pósítà kankan mọ́ fẹ́ǹsì náà láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń tò sẹ́nu tí Màámi fi dìde, tí wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní:

"Onílé ti gbà fún un o. Ẹ lọ gbé háámà wá."

Ṣé ẹ bínú, Bàbá? Àbí ẹ̀rín lẹ rín?

Lánàá, omi gba ihò náà wọlé, ó tẹ̀ lé gọ́tà tuntun lábẹ́ fèrèsé yín, ó sì lọ sí kánáàlì jẹ́jẹ́ bí àlejò tó mọ̀wà hù. Mo sáré lọ wo Ìyá Ràṣídì. Ilẹ̀ yàrá wọn gbẹ. Òjò ń rọ̀, wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń ránṣọ. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo padà dé, Màámi wà níta nínú òjò, wọ́n ń fetí sí ìró ẹ̀rọ náà. Wọ́n fọwọ́ gbá fẹ́ǹsì yín lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe, wọ́n sì wọlé.

Ihò náà ò tóbi o. Ìyókù ṣì dúró gbọn-in.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ṣọ́ fẹ́ǹsì dè yín.