Àwọn Ọmọlangidi Tó Ń Kọ Ojú sí Ògiri

Dádì mi tí mo ń ṣàárò,

Àsàlámù àlékúmù. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, torí kò sí àga mọ́. Mo ti tà á. Mo ti ta àpótí onígíláàsì, mo ti ta iná aláwọ̀ búlúù tí ẹ kórìíra yẹn. Pẹpẹ ara ògiri nìkan ló kù, nítorí ẹ̀yin lẹ kàn án, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe máa ń kan nǹkan: ẹni tó bá fẹ́ tú u á wó ilé. Onílé ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ọmọlangidi ánímè yòókù ládùúgbò ti ṣáájú wa lọ. Tiwa ló kẹ́yìn.

Ẹ má bínú pé n kò tíì sunkún yín. N kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin yín, n kò sunkún níbi fídáù, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí sì ń yìn mí fún sùúrù. Sùúrù kọ́ o. Ara mi ló kú típiri. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí dókítà eyín gún yín lábẹ́rẹ́, tí ẹ wá ń mu tíì, tí tíì ń ṣàn sí irùngbọ̀n yín tí ẹ ò mọ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo wà láti ọdún tó kọjá. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ni mo ti máa ń rí yín lọ́kàn mi. Tí mo bá wá fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́ tí n kò mọ nǹkan kan lára, ṣé kì í ṣe pé mo ti sọ yín nù pátápátá nìyẹn?

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Káàdì tí àwọn èèyàn fi ń pe ilé lẹ ń tà níbí, títí gbogbo ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi íńtánẹ́ẹ̀tì pe ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò bú ẹnì kankan. Ẹ yọ pósítà Nàìjíríà àti Gánà lára ògiri, ẹ gbálẹ̀, ẹ wá fún èmi ọmọ yín ní ṣọ́ọ̀bù kí n máa ta ìwé ìtàn alàwòrán tí wọ́n ń pè ní mángà, àti ọmọlangidi àwọn akọni inú fíìmù alàwòrán ánímè tí mo ti ń rà pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti kékeré. Mọ́mì ò bá yín sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin sọ mí ní Ìyá Ọmọlangidi, ó tán. Títí dòní n kò mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ ni, àbí ó kàn rẹ̀ yín?

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ẹ ṣe mú mángà lọ́wọ́. Láti ọ̀tún lọ sí òsì ni wọ́n ń kà á, gbogbo àgbàlagbà tó bá wọlé ló máa ń dì í mú sódì. Ẹ̀yin ṣí i dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ṣí Kùránì, ojú yín ń lọ bó ṣe ń lọ ní ilé kéwú. Ẹ ò lóye ìtàn náà o, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin onírun búlúù tí kò ní òbí yẹn ká yín lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọmọlangidi ò kúkú bá ìrun mu. Tí Àláásárì bá tó, ẹ ó ṣe àlùwàlá níbi síǹkì ẹ̀yìn, ẹ ó tẹ́ ẹní, ẹ ó wá wo pẹpẹ, ẹ ó mí kanlẹ̀. Apá ibi tí a ń kọjú sí kírun gan-an lẹ kan pẹpẹ sí. Ta ló rán yín níṣẹ́? Ẹ kò lè kírun kí ère máa wò yín lójú, lẹ bá ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, onídà, abìyẹ́, oníṣíkẹ́ẹ̀tì péńpé, títí gbogbo wọn fi kọ ojú sí ògiri. Ẹ̀yin náà á wá dúró lẹ́yìn wọn. Astagafurulai, Dádì, ẹ máa ń dà bí ẹni tó pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí, tó lọ há sí sáfù, ìlà tó kẹ́yìn. Mo máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn oníbàárà ò mọ̀ pé tìtorí ìrun ni. Wọ́n gbà pé èyí tó bá kẹ̀yìn síni, ẹnì kan ti sanwó ẹ̀ nìyẹn. Ọjà ń bọ́ lọ lójú mi kòrókòró! Ìgbà tí mo fi máa là á yé wọn, ó ti di àṣà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ò tíì wọlé, yálà láti Walworth ló ti wá tàbí Stockwell, á bẹ̀ yín kí ẹ bá òun yí tòun sí ògiri, ẹ ó sì yí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Wọn ò wá mọ́, Dádì. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ánímè, gbogbo ayé ló ń wò ó báyìí. Ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ńlá, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ó wà lórí fóònù. Àwọn kan á wọlé wá ya fọ́tò ọmọlangidi lórí pẹpẹ mi, wọ́n á dúró níwájú mi rà á níbòmíràn. Inú ò tiẹ̀ bí mi, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Onílé wá fi kún owó ilé. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ kú, mo rò pé màá ṣíwọ́ yíyí wọn. N kò ṣíwọ́. Ẹ mọ̀ mí, ìrun mi kì í pé. Síbẹ̀, tí Àláásárì bá tó, màá yí gbogbo wọn sí ògiri, màá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ máa ń lò, kò sí ẹni tó ń kírun, màá tún yí wọn padà. Lọ́jọ́ tí mo tajà kẹ́yìn, èrò pọ̀, mo gbàgbé. Oníbàárà wa gíga tó ń wa bọ́ọ̀sì yẹn, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, òun ló wo aago. Ó gbé ohun tó fẹ́ rà sílẹ̀, ó ń yí àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù bá a yí wọn. Mo rò pé ẹkún á dé nígbà yẹn. Mo kàn ń to ọ̀rá ìrajà ni.

Mo fi bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti padà. Àláásárì tó, mo dìde, n kò tiẹ̀ rò ó, ọwọ́ mi gòkè sórí pẹpẹ láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Eruku nìkan ni, àti ojú ẹsẹ̀ wọn lára pákó. Ojú kan ṣoṣo ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, Dádì, tèmi ni. Mo ṣe àlùwàlá, mo tẹ́ ẹní yín, mo kọ ojú náà sí ògiri.

N kò tíì forí kanlẹ̀ tí ẹkún fi dé. Ó pọ̀. Ẹní yín rin gbindin.

Onílé ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ̀yin náà ò dá ìrun dúró torí ẹnì kankan rí.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé yín.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín títí di ìsinsìnyí,
Ìyá Ọmọlangidi