Kì Í Ṣe Agogo Tí Wọ́n Ń Lù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá yín, ẹ̀yin ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún.

Ẹ̀yin lẹ kun ọ̀dà bo “Ilé Alágogo” tó wà lókè ilẹ̀kùn wa l'Ọ̀tà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Níléèwé, àwọn ẹgbẹ́ yín a máa sá tẹ̀lé yín: “Ọmọ alágogo, lù ú ká gbọ́! Kòǹkò, kòǹkò!” Ẹ gbà pé akéde tó ń lu agogo kiri ìlú ni bàbá bàbá yín. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ikú yín ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Wọ́n júwe ìyá àgbà kan fún mi l'Ádó-Odò, ọmọ lèmọ́mù àtijọ́. Bó ṣe rí mi ló rẹ́rìn-ín.

“Imú Bàbá Ọ̀tà rèé! Ṣé agogo yín lẹ wá gbà? Ẹ ò ní í rí i gbà o.”

Ó nàka sí ògiri. Agogo onígi ni, ó ṣì ń rìn. Láyé ìjọba òyìnbó ni bàbá bàbá yín, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọ̀tà níbẹ̀, ṣe é, kí lèmọ́mù lè mọ àsìkò ìrun lọ́jọ́ tí òjò bá bo oòrùn. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fín orúkọ bàbá bàbá yín sára idẹ, ní lẹ́tà Lárúbáwá.

Bàbá, agogo là ń pe èyí tí wọ́n ń lù, agogo náà là ń pe èyí tó ń ka wákàtí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì wá lọ́nà.

Mo délé, mo gbé agogo pálọ̀ sọ̀kalẹ̀, èyí tí ẹ máa ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí ẹ tó wọ agbádá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kò gbọdọ̀ lé. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbétí lé e. Orúkọ kan náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ ò ṣí i rí ni? Ẹ mọ lẹ́tà Lárúbáwá kà jù mí lọ. Àbí ẹ ti rí i, tójú ń tì yín láti sọ pé ẹ ṣìṣe? Kí ló dé tí n ò bi yín nígbà tí ẹ lè dáhùn?

Tírélà àwọn iléeṣẹ́ àdúgbò Ṣàngó ń mi ògiri wa báyìí. Agogo náà ò dúró.

Lánàá, mo fi ọ̀bẹ fá ọ̀dà yín kúrò lókè ilẹ̀kùn. Ẹ má bínú sí mi. Bí Jímọ̀ bá dé, n óò yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Èmi ni, àyànfẹ́ yín,
ọmọ alágogo.