Àbàwọ́n Ara Bùbá Làmídì

Ọjọ́bọ̀, Agége

Ara mi ò balẹ̀ láti ọ̀sán. Bàbá Múfú, tó ni ìsọ̀ tí a ti ń bó gbànja, ka ẹjọ́ Làmídì sí wa létí nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ó pa onílé rẹ̀. Ẹ̀rí ọlọ́pàá ò ju bùbá funfun kan lọ: wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ìyàwó Làmídì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ.

"Wọ́n máa yẹgi fún un ni," Bàbá Múfú wí. "Ẹ̀rí wo la tún ń wá?"

Ariwo sọ. Ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò lọ! Àwa kọ́ ni wọ́n máa sọ ìyẹn fún. Gbànja ni Làmídì náà ń bó, ní Ifákò nítòsí wa níbí!

Mo na etí ìró mi sókè. "Bàbá, oje gbànja rèé. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta ni mo ta sílẹ̀?"

Bàbá wo ìró mi, wọ́n wo apá bùbá tiwọn. Wọ́n ká ìwé ìròyìn.

Bóyá Làmídì pa á, n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bùbá yẹn kọ́ ló máa sọ ọ́. Adájọ́ òyìnbó tó máa dá ẹjọ́ náà ò bó gbànja rí.

Lọ́la, gbogbo wa máa wọ aṣọ iṣẹ́ tí oje gbànja ti bà jẹ́ lọ sí kóòtù. Bàbá Múfú ló ní àwọn máa ṣíwájú.