Ìlà Tó Wálẹ̀ Kì Í Ṣe Àìsàn Tó Ń Lọ

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Bàbá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Inú ìwé ìròyìn ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́, Bùọ̀dá Ràṣídì ẹ̀gbọ́n mi ló kà wọ́n fún yín, ibi tó sì wù wọ́n nìkan ni wọ́n kà. Ìwọ tí o bá ń ka èyí fún Màmá mi ní Àpòmù, jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan. Kà á sókè.

Inú ń bí mi, Màmá. Mi ò ní fi ẹ̀rín bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Múfútáù, ọmọ Wásinmi tí a jọ kàwé ní Ìkirè, dé sí ìlú Òyìnbó tí mo ti ń kàwé yìí. Ó bá mi gbé gààrí, ata gígún àti ìgò kan wá láti ilé. Omi èèpo igi awópa, pupa rúsúrúsú, ló wà nínú ìgò náà, orúkọ mi sì wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Dókítà Gàníyù ti fi ẹ̀rọ Òyìnbó wo awópa yìí, pé ó ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ, pé àgbà, ọmọdé àti aboyún ló lè mu ún. Mi ò tíì di dókítà kankan. Lábẹ́ orúkọ mi, wọ́n tẹ ìlà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Múfútáù ní Bùọ̀dá máa ń nàka sí i fún àwọn èrò ọkọ̀ ní Gbọ̀ngán, níbi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n á ní àìsàn rèé lókè, ibi tó wálẹ̀ sí rèé nígbà tí awópa kàn án.

Irọ́ ni. Èmi ni mo fi bébà tí ìlà yẹn wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí ẹ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni okùn tín-ín-rín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, DNA ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mú kí ọmọ jọ bàbá rẹ̀. Mo máa ń yọ èròjà tó ń mú èèpo awópa pọ́n, màá kán DNA sí i nínú ife kékeré kan, màá sì tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ife náà kọjá. Ẹ̀rọ á wọn ìmọ́lẹ̀ tí èròjà náà gbé mì, á sì ya ìlà rẹ̀ sórí bébà. Bí èròjà yẹn bá ti há sáàárín DNA, kò ní lè gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìlà á sì wálẹ̀. Gbogbo ohun tó wálẹ̀ nìyẹn. DNA ọmọ màlúù sì ni mò ń lò, wọ́n ń tà á nínú ìgò bí iyọ̀. Màlúù yẹn ti kú kí n tó rí i.

Ohun tó ń há sínú DNA lè pa àrùn, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Èwo ni awópa máa ṣe? Mi ò mọ̀, ọ̀gá mi náà kò mọ̀. Mo kọ èyí sínú lẹ́tà kejì, mo tún fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Bùọ̀dá rí i, wọ́n gbé e mì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yin gan-an ló dùn mí jù, Màmá. Múfútáù ní ẹ jókòó ti ìgò wọ̀nyẹn, pé nígbà tí obìnrin kan bèèrè bóyá òótọ́ ni, ẹ ní ọmọ yín ló fi ẹ̀rọ wò ó. Màmá, ta ló kọ́ mi ní awópa? Ṣebí ẹ̀yin ni ẹ máa ń bi gbogbo obìnrin tó bá wá gba àgbo ibà bóyá ó rí nǹkan oṣù rẹ̀, kí ẹ tó bu ún fún un? Mo rántí ìyàwó àdúgbò kan tó ní òun kò rí i, tí ẹ dá padà nínú òjò, tó ń bú yín lọ. Ẹ ò ní ẹ̀rọ kankan nígbà yẹn. Orúkọ mi wá dé ara ìgò, ẹ gbé ọgbọ́n orí yín jù sílẹ̀. Ó mà ṣe o.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, yìnyín ti sé mi mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó pè mí ní Àkànní láti oṣù méje. Mo wá kọ ọ́ pé oògùn ilé wa ń ṣiṣẹ́, pé àwọn Òyìnbó ń yanu. Fáàrí ni. Ẹnikẹ́ni kò yanu. Owó ìgò tí mo bá nínú gààrí, tí Bùọ̀dá dì síbẹ̀, Múfútáù á dá a padà fún wọn nígbà tó bá ń bọ̀ nílé, mi ò fẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n pariwo rèé. Múfútáù ní Sìkírà àbúrò mi wá láti Ìkirè lọ́jọ́ tí òun ń bọ̀. Ó ti lóyún oṣù mẹ́rin. Bùọ̀dá tún fún un ní ìgò méjì sí i, ọ̀fẹ́. Ó ní àràárọ̀ lòun ń mu ún, nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun ló wò ó. Oyún méjì ló ti bọ́ lára ọmọ yìí tẹ́lẹ̀, Màmá.

Tí wọ́n bá ti ka ibí yìí fún yín, ẹ dìde. Ẹ wọ ọkọ̀ Ìkirè, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ da ohun tó wà nínú ìgò nù lójú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún un pé Gàníyù kò wò ó bóyá ó dára fún aboyún. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí ó sọ ohun tó ti ń mu.

Bùọ̀dá Ràṣídì, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí fúnra yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹ kó ìgò wọ̀nyẹn kúrò ní Gbọ̀ngán. Bí mo bá tún gbọ́ pé ẹyọ kan wà níbẹ̀, ọlọ́pàá ni n ó kọ lẹ́tà sí, n ò ní ro ti pé ọmọ ìyá ni wá.

Màmá, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ lọ́dọ̀ Sìkírà, láṣẹ Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò. Bùọ̀dá nìkan ni mi ò kí.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn rí,
Gàníyù.