Bí Pápá Òkè Ṣe Lọ

Oko Trewin,
Inverleigh.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá.

Tamsin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà níbí, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Pápá òkè ti lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni bàbá rẹ gun katakata, ó sì tú u láti ìdí wáyà ọgbà kan dé ìkejì. Pápá tí ẹnikẹ́ni ò tú rí láti ayé bàbá bàbá rẹ!

O mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́lé tà ti ń yọjú sí ilẹ̀ wa, bàbá rẹ sì fẹ́ tà á fún wọn. Bí ìjọba bá rí àfòpiná ọ̀sán, kòkòrò inú koríko yẹn, níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìjọba ní kí àwọn tó máa kà á wá. Kí bàbá rẹ tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mo ní fún un pé, "Alec, ìwọ lo kọ́kọ́ fi kòkòrò yìí han Tamsin. Orí rẹ wú lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "Noreen, kòkòrò tí kò lẹ́nu tó lè fi jẹun, tí kì í lò tó ọ̀sẹ̀ kan láyé, ṣé òun ló máa ní kí n kú sẹ́yìn àgùntàn? Wo orúnkún mi!"

Mo po tíì, ó mu ún, ó jáde. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mi ò dí i lọ́nà.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, mo lọ wo ibẹ̀. Àwọn akọ tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá wáyà ń fò lọ fò bọ̀ lórí erùpẹ̀, wọ́n ń wá abo. Abo kì í sábà fò. Ìdí koríko ló ti ń ṣí ìyẹ́ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kí akọ lè rí i. Koríko dà? Mo ka akọ mọ́kànlá. Mi ò rí abo kankan.

Àwọn tó fẹ́ kà á dé lóòótọ́. Obìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́. Ojú fèrèsé ni bàbá rẹ dúró sí. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Má bínú sí i jù, ọmọ mi. Kí ohun tí o fẹ́ràn má tún bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ọ̀nà rẹ là, kí o sì padà wá bá wa láàyè.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Noreen.

Àfikún: Mi ò mọ ibi tí mo lè fi èyí sí nínú lẹ́tà. Àwọn akọ́lé pè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ilẹ̀ wa jìnnà sí títì jù, àwọn ò rà á mọ́, àwọn ti ra ti aládùúgbò wa. Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ.