Ìmísí Jẹ Ẹ̀wà Láìwo Fóònù

Màmi, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ìfaradà òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Ara mi le níbí ní Ilo-Awela. Ooru kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú mọ́, mo sì ti ń rí oorun sùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe! Ìmísí, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Àǹtí Lucy bí, kì í jẹun láìwo kátúùnù lórí fóònù. Bí àlejò bá wọlé, kì í gbójú sókè kí wọn. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ bí Àǹtí bá lọ síṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo já fóònù gbà. Igbe tó ké ló mú Ìyá Gbóyèga, ará ilé wa, sáré wọlé.

"Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, kí lẹ wá fi rọ́pò?"

Ojú tì mí. Látìgbà náà, bí oúnjẹ bá délẹ̀, fóònù tiwa méjèèjì á wọ àpótí, èmi á sì máa pàlọ́ fún un.

Lánàá, ó jẹ ẹ̀wà tán láìbéèrè fóònù. Bó ṣe rí Ìyá Gbóyèga, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ káàsán, mà!" Màmi, àfi bíi pé èmi ni mo bí i!

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbé ìpè yín lásìkò oúnjẹ. Ẹ má rò pé mo ń sunkún. Ìmísí kí yín. Ẹ bá mi kí Dádì àti Ọpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní yàrá mi.

Ọmọ yín,
Tamílọ́rẹ