Àga Tí Bàbá Ń Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà Lẹ́yìn Àílà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àárẹ̀ tí ẹ kì í fẹ́ kí n mọ̀. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kí Bàbá mi, ahunṣọ tí gbogbo Ìsẹ́yìn mọ̀. Mo kí Bàbá Làsísì, àbúrò wọn. Mo kí Màmá Fúnmi, nọ́ọ̀sì ará ilé kejì wa, tí ó bá yín kọ lẹ́tà tó kọjá, tí yóò sì ka èyí sí yín létí. Ẹ ní kí wọ́n rọra kà á.

Lẹ́tà yín bà mí nínú jẹ́. Ẹ ní Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan láti ìgbà àìsàn ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ẹ ní lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun àílà tán, wọn a gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọn a kọjú sí ọ̀nà ilé-ìwé, wọn a ní, "Sikira kò tíì dé?" Bí ẹ bá sọ fún wọn pé mo ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún méje, wọn a sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Làsísì ní iṣẹ́ ọmọ aráyé ni, kí ẹ gbé àga pamọ́ kí àwọn aládùúgbò yé rẹ́rìn-ín. Màmá Fúnmi ní kí ẹ kàn sọ pé mo ń bọ̀. Ẹ̀yin ní ẹ kò purọ́ fún wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì yín, ẹ kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ẹ wá bi mí léèrè ohun tí ẹ ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí ibẹ̀ ni mo ti rí èsì. Mo ti sọ fún yín pé yunifásítì ni mo wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ eṣinṣin ni mò ń sè níbẹ̀. Àwọn tín-ín-tìn-tín tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ni. Mò ń po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ṣúgà, mò ń rò ó lórí iná títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, mo sì ń dà á sínú ìgò. Odidi ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹlẹ́kọ eṣinṣin! Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé yín ní Ìlua gbọ́ o.

Ọ̀gá mi, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í bínú, ló là á yé mi. Ó ní ogún kan wà nínú ara wa tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, jíìnì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí àpótí aṣọ yín: gbogbo aṣọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ọjọ́ bá béèrè ni ẹ ń mú jáde. Ara ló mọ ìgbà tí yóò ṣí èyí, tí yóò sì pa tọ̀hún dé. A há eṣinṣin mọ́ yàrá tó ṣókùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń jí lásìkò ìjí wọn. Àwọn kan wà tí ogún kan ṣoṣo yàtọ̀ lára wọn. Àwọn yẹn kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé inú yìnyín yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oorun ń gbé mi lọ, torí ẹ̀yin ti ń sùn nílé. Ara mi kò tíì bá mi wọkọ̀.

Ó ní ìrántí náà ń fẹ́ àpótí yẹn. Ó ní àwọn kan ti fi ẹja dán an wò: bí a bá kọ́ ẹja ní nǹkan, yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lè pẹ́ lórí rẹ̀, ọpọlọ gbọ́dọ̀ ṣí àpótí, kí ó mú nǹkan tuntun jáde fi kọ́lé fún ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn sì ń gba àkókò. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàbá. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sídìí òfì, èmi obìnrin, ọnà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́ mi lóòjọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n fi kún un, wọn a ní, "Lọ fi sùn." Mo rò pé ahun ni wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ ta aṣọ ní Kísí, mo tú aṣọ wọn wò, mo kọ́ ọnà mẹ́rin pọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí n lè fi yangàn. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi kò mọ ẹyọ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Àwọn tí mo fi sùn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní.

N kì í ṣe dókítà o, ọ̀gá mi pàápàá ní àwọn kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó ni pé ohun tí ẹ ń sọ fún Bàbá lónìí kò rí ilé wọ̀ mọ́ nínú orí wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ aráyé, kì í sì í ṣe pé ẹ kò sọ ọ́ dáadáa. Ti àtijọ́ ló dúró: ọwọ́ tó ń hun aṣọ etù, àti èmi tí mò ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ara wọn ò sì tíì gbàgbé àsìkò. Ìgbà tí wọ́n ń gbé àga yẹn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni níbí, mò ń bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, mi ò lè wo aago yẹn kí omi má bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo dá fún wọn nígbà tí mò ń lọ, ó sì ti di méje.

Ẹ má gbé àga náà pamọ́. Ẹ sọ fún wọn pé, "Ó ń bọ̀." Kò ní jẹ́ irọ́, Ìyá mi. Mo ti gba ààyè, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ọyẹ́ tó mú, mo ti dé. N kò ní wọlé láàárọ̀. N ó dúró ní gáréèjì títí wọn yóò fi kírun àílà tán, n ó wá gba ọ̀nà ilé-ìwé. Ewú ti ń yọ lórí mi, wọ́n lè má mọ ojú mi. Bí wọ́n bá sì gbàgbé, tí wọ́n tún gbé àga síta lọ́jọ́ kejì, n ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, n ó yí ká, n ó tún wọlé dé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèjì sí fún mi. Okun yín kò ní í tán. Mo kí gbogbo ilé, mo kí àwọn ahunṣọ abẹ́ igi. Ẹ bá mi kí Bàbá lónìí, kí ẹ sì tún bá mi kí wọn lọ́la.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ti ilé-ìwé bọ̀,
Sikira.